Bí A Ṣe Ń Wakọ̀ La Texas Já Lórí I-10, Láti Orange Dé El Paso

Pátákó kan wà ní Orange, ìlú tí Texas fi pààlà pẹ̀lú Louisiana, tí àwọn arìnrìn-àjò máa ń yà ní fọ́tò. Ìlà méjì péré ló wà lára rẹ̀: Beaumont 23, El Paso 857. Máìlì ni wọ́n fi kà á. Gbogbo I-10 (Interstate 10, òpópónà ńlá tó ń lọ láti ìpínlẹ̀ dé ìpínlẹ̀) tó wà nínú ìpínlẹ̀ Texas tó nǹkan bí 880 máìlì, ìyẹn bíi 1,416 kìlómítà. Èkó sí Kano kò tó bẹ́ẹ̀, bẹ́ẹ̀ ìpínlẹ̀ kan ṣoṣo là ń sọ yìí o.

Àwọn ọmọ wa pọ̀ ní Houston àti Katy, ó sì máa ń di dandan fún ọ̀pọ̀ wọn láti gba ọ̀nà yìí lọ́jọ́ kan: ẹni tó ríṣẹ́ sí Arizona tó fẹ́ kó ẹrù lọ, òbí tó ń gbé ọmọ lọ sí yunifásítì ní El Paso, ọmọ ogun tí wọ́n gbé lọ sí Fort Bliss, awakọ̀ tírélà tó ṣẹ̀ṣẹ̀ gba láísẹ́ǹsì. Àwọn ni mo kọ èyí fún. Ohun tí mo fẹ́ kí wọ́n mọ̀ ṣáájú ni pé ọ̀nà méjì ni I-10 ní Texas, kì í ṣe ọ̀nà kan. Láti Orange dé San Antonio, èrò ni ìṣòro: gosiló, tírélà, òjò, léènì tó ń pín yẹ́lẹyẹ̀lẹ. Láti San Antonio dé El Paso, àìsí èrò ni ìṣòro: epo, omi, oorun, àti ẹranko. Ẹni tó bá múra de apá kan ṣoṣo, apá kejì á kó o láyà jẹ.

Ìgbésẹ̀ kìíní: ẹ kọ́ bí wọ́n ṣe ń ka nọ́ńbà

Láti ọdún 1957, ọdún kan lẹ́yìn tí Ààrẹ Eisenhower buwọ́ lu òfin tó bí àwọn òpópónà wọ̀nyí, nọ́ńbà wọn ti ní ìlànà. Nọ́ńbà tó ṣeé pín sí méjì ń lọ láàárín ìlà oòrùn àti ìwọ̀ oòrùn. Èyí tí kò ṣeé pín sí méjì ń lọ láàárín àríwá àti gúúsù. Ìdí nìyẹn tí I-10 fi ń gbé ènìyàn láti Jacksonville ní Florida lọ sí Santa Monica ní California, tí I-45 àti I-35 sì ń dábùú rẹ̀ ní Houston àti San Antonio. Tí ẹ bá rí nọ́ńbà oní-mẹ́ta bíi 610 tàbí 410, òpópónà tó yí ìlú po ni.

Ẹ wá wo àwọn pátákó kéékèèké aláwọ̀ ewé tó wà létí ọ̀nà. Ibodè New Mexico ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ sí í ka máìlì, lódo, wọ́n sì kà á dé 880 létí odò Sabine ní ibodè Louisiana. Nọ́ńbà máìlì yìí kan náà ni wọ́n fún ẹ́síìtì kọ̀ọ̀kan. Tí ẹ bá wà ní ẹ́síìtì 768 láàárín Houston, tí ẹ sì fẹ́ sùn ní Junction tó wà ní 456, ẹ yọ ọ̀kan kúrò nínú èkejì: 312 máìlì ló kù. Ẹni tó ń lọ sí ìwọ̀ oòrùn tilẹ̀ jẹ̀gbádùn jù, nítorí nọ́ńbà tó bá wà lójú rẹ̀ gan-an ni iye máìlì tó ṣẹ́kù kí Texas tó tán. Tí nẹ́tíwọ́ọ̀kì bá lọ, tí fóònù bá kú, ìṣirò yìí ò ní í lọ.

Ìgbésẹ̀ kejì: ìwé yín dà?

Láísẹ́ǹsì, ìwé adójútòfò ọkọ̀ àti ìwé ìforúkọsílẹ̀ ọkọ̀ gbọ́dọ̀ wà níbi tí ọwọ́ ti lè tó o láìdìde. Ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ kó wá sí Texas láti ìpínlẹ̀ mìíràn ní 90 ọjọ́ láti gba láísẹ́ǹsì Texas, ó sì ní 30 ọjọ́ láti forúkọ ọkọ̀ rẹ̀ sílẹ̀.

Ìwé ìgbélùú ni ọ̀pọ̀ ń gbàgbé sílé. Ìwọ̀ oòrùn Texas ń sún mọ́ Mẹ́síkò, àwọn ẹ̀ṣọ́ ibodè sì pọ̀ níbẹ̀. Ẹni tí kì í bá ṣe ọmọ orílẹ̀-èdè Amẹ́ríkà, kó mú ojúlówó ìwé rẹ̀ dání, kì í ṣe fọ́tò inú fóònù. Òfin ìjọba àpapọ̀ ló ní kí ẹni tó ní gíríìn káàdì, tó sì ti pé ọdún 18, máa mú un rìn. Àlejò á mú páspọ́ọ̀tù pẹ̀lú I-94 rẹ̀, ìyẹn àkọsílẹ̀ bó ṣe wọlé sí Amẹ́ríkà, akẹ́kọ̀ọ́ á fi ìwé I-20 tí ilé ìwé rẹ̀ fún un kún un. (Òpópónà kan wà lójú ọ̀nà tó ń jẹ́ I-20 pẹ̀lú, ìyẹn ò kan ilé ìwé.)

Tí ọlọ́pàá bá tan iná lẹ́yìn yín, ẹ rọra yà sí apá ọ̀tún, ẹ dúró, ẹ gbé ọwọ́ méjèèjì lé sítíárín. Ẹ má sọ̀kalẹ̀. Nílé, ọ̀wọ̀ ni ká sọ̀kalẹ̀ lọ kí ọ̀gá. Níbí, ẹni tó sọ̀kalẹ̀ láìjẹ́ pé wọ́n ní kó sọ̀kalẹ̀ ń dẹ́rù bà wọ́n ni. Bẹ́ẹ̀ ni kí ẹnikẹ́ni má fi owó há àárín ìwé. Ẹ̀wọ̀n ló wà nídìí ìyẹn.

Ìgbésẹ̀ kẹta: ọkọ̀, pàápàá táyà

Ooru ló ń pa táyà lọ́nà yìí. Ẹ ó rí àwọn awẹ́ táyà tírélà dúdú dúdú tó já sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà káàkiri. Kí ẹ tó gbéra, ẹ bẹ̀rẹ̀ wo ara táyà yín níbi tí wọ́n kọ DOT sí. Nọ́ńbà mẹ́rin tó kẹ́yìn níbẹ̀ ni ọjọ́ orí rẹ̀: tó bá jẹ́ 2319, ọ̀sẹ̀ kẹtàlélógún ọdún 2019 ni wọ́n ṣe é. Táyà lè ní eyín dáadáa kó sì ti gbó nínú. Ẹ wọn géèjì rẹ̀ láàárọ̀ kí ọkọ̀ tó rìn, ẹ fi wé iye tó wà lára sítíkà ẹnu ilẹ̀kùn awakọ̀. Iye tó wà lára táyà fúnra rẹ̀ kọ́ ni ẹ ó tẹ̀ lé o, ìyẹn ni òpin ohun tó lè gbà.

Ẹ ṣí búùtù, ẹ wò ó bóyá ẹ ní ẹ̀kísírà. Ọ̀pọ̀ ọkọ̀ tuntun ni kò ní in mọ́, agolo oògùn àlẹ̀mọ́ àti ẹ̀rọ kékeré tó ń fẹ́ afẹ́fẹ́ ni wọ́n ń fi síbẹ̀. Tó bá jẹ́ báyìí ni tiyín, ẹ mọ̀ ọ́n nílé, kì í ṣe létí ọ̀nà.

Omi mímu, gálọ́ọ̀nù kan fún ẹnì kọ̀ọ̀kan. Ẹ wa máàpù Texas sórí fóònù sílẹ̀ kó lè ṣiṣẹ́ láìsí íntánẹ́ẹ̀tì. Láísẹ́ǹsì Texas ní nọ́ńbà ìrànwọ́ ojú ọ̀nà tí wọ́n tẹ̀ sí ẹ̀yìn rẹ̀. Ẹ tọ́jú u sínú fóònù. Ọmọ tí kò tíì pé ọdún mẹ́jọ gbọ́dọ̀ jókòó sórí àga ọmọdé, àyàfi tí gíga rẹ̀ bá ti tó ẹsẹ̀ bàtà mẹ́rin àti íǹṣì mẹ́sàn-án.

Ìgbésẹ̀ kẹrin: ẹ yan wákàtí tí ẹ ó gbéra

Wákàtí 12 sí 13 ni ọ̀nà yìí ń gbà láìka ìdúró. Àwọn kan ń fi ọjọ́ kan wà á, wọ́n á sì máa fi yangàn. Èmi ò gba ẹnikẹ́ni nímọ̀ràn bẹ́ẹ̀. Ẹ pín in sí ọjọ́ méjì, ẹ sì jẹ́ kí oòrùn bá yín pín in.

Ẹni tó ń lọ sí ìwọ̀ oòrùn ní oòrùn ìrọ̀lẹ́ lójú tààrà. Ní aṣálẹ̀, tí kò sí igi tí kò sí ilé gíga, oòrùn yẹn lè fọ́ ènìyàn lójú fún wákàtí méjì gbáko. Nítorí náà, ìlànà tí mo fara mọ́ rèé: lọ́jọ́ kìíní, ẹ kúrò ní Houston ní nǹkan bí agogo mẹ́sàn-án ààbọ̀ àárọ̀, lẹ́yìn tí àwọn òṣìṣẹ́ ti dé ibi iṣẹ́. Ẹ ó kọjá San Antonio kí àwọn tibẹ̀ tó ṣíwọ́, ẹ ó sì ti wà ní Kerrville tàbí Junction kí ilẹ̀ tó ṣú. Ẹ sùn síbẹ̀. Lọ́jọ́ kejì, ẹ gbéra bí ilẹ̀ bá ti mọ́, kí oòrùn máa ti yín lẹ́yìn. Ẹni tó bá kúrò ní Junction ní agogo méje yóò wọ El Paso lọ́sàn-án.

Ẹ wo DriveTexas lórí íntánẹ́ẹ̀tì kí ẹ tó jáde. Ibẹ̀ ni àjọ tó ń bójú tó ọ̀nà ní Texas ti ń sọ ibi tí omi wà, ibi tí wọ́n ti dínà, ibi tí wọ́n ti ń ṣiṣẹ́. Láti oṣù kẹfà dé ìparí oṣù kọkànlá, ìjì òkun lè dé sí apá ìlà oòrùn. Lọ́dún 2017, ìjì Harvey bo I-10 mọ́lẹ̀ lápá Beaumont àti Houston. Lọ́dún 2019, nígbà ìjì Imelda, àwọn ọkọ̀ akẹ́rù orí omi já kúrò níbi tí wọ́n so wọ́n mọ́, wọ́n lọ kọlu afárá I-10 lórí odò San Jacinto. Tí òjò bá pọ̀, ẹ má wọ omi tí ẹ ò rí ìsàlẹ̀ rẹ̀, bó ti wù kí ọkọ̀ yín ga tó.

Ìgbésẹ̀ karùn-ún: Orange sí Houston

Ẹni tó ń bọ̀ láti Louisiana, kó yà sí ilé ìgbàlejò ìjọba ní ẹ́síìtì 880. Máàpù ọ̀fẹ́ wà níbẹ̀, ilé ìgbọ̀nsẹ̀ rẹ̀ sì mọ́ tónítóní.

Ní Beaumont, ẹ ṣọ́ra: I-10 pàdé US 69 níbẹ̀, ó ṣẹ́ kọ́rọ́ sí gúúsù kó tó tún kọjú sí ìwọ̀ oòrùn. Ẹni tó rò pé títọ́ ni títọ́ ń lọ lè bá ara rẹ̀ lọ́nà ibòmíràn. Ẹ tẹ̀ lé pátákó tó bá kọ Houston. Ìlú yìí ni epo rọ̀bì ti tú jáde ní Spindletop lọ́dún 1901, àwọn ilé ìfọpo sì ṣì kún agbègbè náà títí dé Baytown. Òórùn rẹ̀ á wọlé bá yín nínú ọkọ̀. Yàtọ̀ sí èyí, pápá ìrẹsì àti afárá odò Trinity ni ẹ ó rí, ọ̀nà náà sì tẹ́ pẹrẹsẹ.

Ìgbésẹ̀ kẹfà: Houston

Ẹ mọ ohun tí ẹ fẹ́ ṣe kí ẹ tó wọ Houston. Tí ẹ kò bá ní nǹkan ṣe nínú ìlú, ọ̀nà mẹ́ta ló wà láti kọjá: ẹ lè gba àárín rẹ̀ lọ tààrà lórí I-10, ẹ lè fi 610 yí àárín ìlú ká, tàbí kí ẹ gba Beltway 8 tó tún jìnnà sí i, ṣùgbọ́n tóògéètì ló kún ibẹ̀. Kí agogo mẹ́fà àárọ̀ tó lù, tàbí láàárín agogo mẹ́sàn-án ààbọ̀ àárọ̀ sí agogo méjì ọ̀sán, àárín ìlú ló yá jù. Lásìkò tí àwọn òṣìṣẹ́ bá ń lọ tàbí ń bọ̀, kò síbi tó yá, ẹ kàn yan ibi tí ẹ ti fẹ́ dúró ni.

Láàárín ìlú, ẹ ó kọjá I-69 ní ẹ́síìtì 770, ẹ ó kọjá I-45 ní 768. Láàárín máìlì méjì yìí, léènì ń jáde lọ́tùn-ún, ó ń jáde lósì. Ẹ dúró sáàárín, ẹ má tẹ̀ lé ọkọ̀ iwájú, pátákó ni kí ẹ tẹ̀ lé, èyí tó kọ San Antonio. Tí ẹ́síìtì bá bọ́ mọ́ yín lọ́wọ́, ẹ jẹ́ kó bọ́. Ẹ máa lọ sí èyí tó tẹ̀ lé e, ẹ padà. Ìjàǹbá tó ń ṣẹlẹ̀ nítorí ẹni tó fa sítíárín kọjá léènì mẹ́rin lójijì pọ̀ ju èyí tí ènìyàn lè kà lọ.

Lẹ́yìn 610 ti ìwọ̀ oòrùn, Katy Freeway bẹ̀rẹ̀, ìyẹn orúkọ tí wọ́n ń pe I-10 níbẹ̀. Wọ́n fẹ̀ ẹ́ láàárín 2003 sí 2008 débi pé, tí a bá ka ti apá méjèèjì àti sáfíìsì léènì mọ́ ọn, ibì kan wà tí léènì rẹ̀ ju ogún lọ. Ó sì tún ń dí! Àwọn léènì àárín gbùngbùn rẹ̀, láti 610 dé Highway 6, owó ni wọ́n ń gbà níbẹ̀. Kò sí ẹni tó ń gbowó lójú ọ̀nà, kámẹ́rà ni. Ẹ̀rọ EZ TAG tàbí TxTag tó wà lára gíláàsì ló ń sanwó. Tó bá jẹ́ pé ẹ háyà ọkọ̀ ni, ẹ béèrè lọ́wọ́ wọn kí ẹ tó gbé e kúrò, nítorí owó tóòlù kékeré lè di owó ńlá nígbà tí ilé iṣẹ́ bá fi owó ìṣàkóso lé e. Ẹni tí kò bá fẹ́ san, kó dúró sí àwọn léènì tó kù. Yàtọ̀ sí àwọn léènì àárín yẹn, I-10 kò gbowó níbikíbi ní Texas.

Ohun kan tó dá Texas yàtọ̀ ni sáfíìsì léènì, tí àwọn ará Houston ń pè ní feeder. Ó ń bá òpópónà lọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ méjèèjì, orí rẹ̀ ni ilé epo, ilé oúnjẹ àti hòtẹ́ẹ̀lì wà. Ẹni tó bá wà lórí rẹ̀ ló gbọ́dọ̀ fàyè gba ẹni tó ń sọ̀ kalẹ̀ láti òpópónà. Tí ẹ bá fẹ́ padà sẹ́yìn, ẹ dúró sí léènì òsì pátápátá bí ẹ bá ń sún mọ́ afárá: ọ̀nà kékeré kan wà níbẹ̀ tó ń yí yín gba abẹ́ afárá lọ sí apá kejì, ẹ ò tiẹ̀ ní í dúró de iná tráfíìkì. Ẹ kàn wo ọ̀tún yín dáadáa kí ẹ tó já sáàárín àwọn ọkọ̀ tó ń bọ̀ ní apá kejì.

Ẹ ra oúnjẹ ní Houston. Mọ́ínmọ́ín, jọ̀lọ́ọ̀fù, pọ́fù-pọ́fù, ohunkóhun tí ẹ bá fẹ́ jẹ, ibẹ̀ ni kí ẹ ti rà á sínú kúlà. Láàárín San Antonio sí El Paso, ẹ má retí pé ẹnikẹ́ni máa ro àmàlà fún yín.

Ìgbésẹ̀ keje: Houston sí San Antonio

Bíi 200 máìlì ni, wákàtí mẹ́ta. Sealy, Columbus, Schulenburg, Flatonia, Luling, Seguin: ìlú kéékèèké tí epo kò wọ́n níbẹ̀. Tírélà ló kún ọ̀nà náà, léènì méjì méjì ló sì pọ̀ jù. Léènì òsì, ti kíkọjá ọkọ̀ mìíràn ni. Ẹ kọjá, ẹ padà sọ́tùn-ún.

Ní ẹ́síìtì 632 ní Luling, ilé epo ńlá kan tó ń jẹ́ Buc-ee's wà tí wọ́n ṣí lọ́dún 2024, tí ilé ìtajà rẹ̀ tó 75,000 ẹsẹ̀ bàtà lórígun mẹ́rin, tí ẹ̀rọ epo rẹ̀ sì tó 120. Ẹni tí kò bá tíì rí irú rẹ̀ rí á rò pé ọjà Balógun ni wọ́n kó sínú ilé epo. Ilé ìgbọ̀nsẹ̀ ibẹ̀ nìkan tó ohun tí ó yẹ kí ènìyàn torí rẹ̀ dúró. Awakọ̀ tírélà, ẹ má bínú, wọn kì í gba tírélà níbẹ̀.

Òfin kan wà tí ọlọ́pàá fi ń mú àlejò lọ́nà yìí: tí ọkọ̀ ọlọ́pàá, ọkọ̀ panápaná, ọkọ̀ tó ń fa ọkọ̀, tàbí ti àwọn òṣìṣẹ́ ọ̀nà bá dúró létí ọ̀nà tó ń tan iná, ẹ kúrò ní léènì tó sún mọ́ ọn. Tí kò bá sí àyè, ẹ dín eré kù pẹ̀lú 20 máìlì sí iye tí òfin fàyè gbà.

Ìgbésẹ̀ kẹjọ: San Antonio

Orúkọ El Paso ni kí ẹ máa wá lára pátákó. I-10 wọ ìlú láti ìlà oòrùn, ó dara pọ̀ mọ́ I-35 ní gúúsù àárín ìlú, àwọn méjèèjì jọ rìn fún máìlì díẹ̀, wọ́n sì tún pínyà. Ẹni tí kò bá kíyè sí i lè bá I-35 lọ sí Austin. Ní agbègbè yìí, ọ̀nà náà di alájà méjì, ọ̀kan lókè, ọ̀kan nísàlẹ̀. Àwọn méjèèjì tún padà pàdé níwájú, ṣùgbọ́n tòkè ló dára fún ẹni tí kò ní í yà síbì kankan. Má jẹ́ kó yà yín lẹ́nu pé àríwá ni ẹ ń kọjú sí níbi tí pátákó ti ń kọ ìwọ̀ oòrùn. Bẹ́ẹ̀ ni ọ̀nà náà rí títí dé Boerne.

Tí àárín ìlú bá dí, 410 apá àríwá á gbé yín yí i ká.

Ìgbésẹ̀ kẹsàn-án: àwọn òkè àti àgbọ̀nrín

Láti Boerne, ọ̀nà bẹ̀rẹ̀ sí í gun òkè, ó ń sọ̀. Wọ́n gé àpáta funfun sí méjì kí ọ̀nà lè kọjá láàárín rẹ̀, ògiri òkúta á sì dúró lọ́tùn-ún lósì yín. Apá yìí ló rẹwà jù lójú tèmi. Ní agbègbè Kerrville, òfin fàyè gba 80 máìlì ní wákàtí kan, ìyẹn bíi 129 kìlómítà, iye yìí ló sì pọ̀ jù lójú ọ̀nà títí a ó fi sún mọ́ El Paso. Wọ́n fàyè gbà á, wọn kò ní kó jẹ́ dandan. Ní 80, epo á máa lọ bí ẹni da omi nù, ọkọ̀ tó ti dàgbà á sì máa gbóná lórí òkè. Ẹni tó bá wa 70 ní léènì ọ̀tún kò ṣẹ̀.

Àgbọ̀nrín ni ẹ ó bẹ̀rù. Láàárín Kerrville, Junction àti Sonora, òkú wọn máa ń wà létí ọ̀nà bí ẹní sá a síbẹ̀. Ìrọ̀lẹ́ àti ìdájí ni wọ́n ń jáde. Tí ọ̀kan bá kọjá, ẹ má rò pé ó tán, nítorí wọn kì í dá rìn. Tí ọ̀kan bá sì bọ́ sójú ọ̀nà lójijì, ẹ tẹ búrééki, ẹ di sítíárín mú ṣinṣin ní léènì yín. Ẹni tó fa sítíárín láti yẹra fún àgbọ̀nrín ní 80 máìlì lè yí dànù, ìyẹn sì burú ju bọ́ńpà tó fọ́ lọ. Èyí gan-an ló fà á tí mo fi ní kí ẹ sùn ní Kerrville tàbí Junction kí ilẹ̀ tó ṣú.

Ìgbésẹ̀ kẹwàá: aṣálẹ̀

Òfin kan ṣoṣo ni mo ní fún apá yìí: ẹ má jẹ́ kí epo lọ sábẹ́ ìdajì. Ẹ kun táǹkì ní Sonora tàbí Ozona. Láti Ozona dé Fort Stockton ju 100 máìlì lọ, láàárín rẹ̀, òkè tó tẹ́ lórí bíi tábìlì, ẹ̀rọ tó ń fi afẹ́fẹ́ pèsè iná mànàmáná, àti ojú ọ̀run ni. Ẹ tún kun ún ní Fort Stockton, nítorí Van Horn tó nǹkan bí 120 máìlì síbẹ̀, El Paso sì tún tó 120 láti Van Horn. Ẹni tó ń wa ọkọ̀ oníná mànàmáná, àwọn ìlú yìí kan náà ni kó fi ṣe ibùdó gbígba iná.

Tí oorun bá ń kùn yín, ẹ yà síbi ìsinmi ìjọba. Ní Texas, òfin fàyè gbà yín láti wà níbẹ̀ fún wákàtí 24, ẹ sì lè sùn nínú ọkọ̀. Orin gbígbóná àti fèrèsé ṣíṣí kò lé oorun lọ, oorun ló ń lé oorun lọ.

Ní nǹkan bíi máìlì 187, I-20 já sí I-10 láti Dallas. Tírélà máa ń pọ̀ sí i láti ibẹ̀ lọ. Kí ẹ tó débẹ̀, ẹni tó bá ní àyè lè yà sí Balmorhea. Orísun omi kan wà níbẹ̀ tí wọ́n ṣe lódò ìwẹ̀ ńlá ní àwọn ọdún 1930, omi náà mọ́ gaara débi pé ẹ ó máa rí ẹja láàárín ẹsẹ̀ yín, kì í sì í tutù jù bẹ́ẹ̀ ni kì í gbóná jù, ẹ̀ẹ̀rùn àti ọyẹ́. Ẹ kọ́kọ́ gba tíkẹ́ẹ̀tì lórí íntánẹ́ẹ̀tì, torí ó máa ń kún.

Nígbà ìrúwé, ìjì eruku máa ń jà lápá El Paso. Tó bá bo ojú ọ̀nà, ẹ má dúró lórí léènì. Ẹ kúrò lójú ọ̀nà pátápátá, bó bá ti lè jìnnà tó, ẹ pa gbogbo iná ọkọ̀, ẹ gbé ẹsẹ̀ kúrò lórí búrééki. Iná ẹ̀yìn tó ń tàn nínú eruku ni ẹni tó ń bọ̀ lẹ́yìn ń tẹ̀ lé, á rò pé ojú ọ̀nà ni ẹ wà, á sì wá já lù yín.

Ìgbésẹ̀ kọkànlá: Van Horn dé òpin

Lẹ́yìn Van Horn, kí ẹ tó dé Sierra Blanca, aago yí padà. Ìjọba ìbílẹ̀ Hudspeth àti El Paso ń lo aago tó fi wákàtí kan rẹ̀yìn sí ti Texas yòókù. Ẹ jèrè wákàtí kan nìyẹn. Fóònù á yí i fúnra rẹ̀, aago ọkọ̀ lè máà yí i.

Láti Fabens ni ìlú ti ń sún mọ́ra. Nínú El Paso, I-10 sún mọ́ ibodè débi pé ẹ ó rí àwọn ilé Ciudad Juárez ní Mẹ́síkò lápá òsì yín. Ẹ ṣọ́ra kí ẹ má tẹ̀ lé pátákó tó kọ Mexico tàbí Juárez bí kò bá jẹ́ ibẹ̀ lẹ ń lọ, nítorí ẹni tó bá ti wọ orí afárá ibodè kò rí ibi yí padà, páspọ́ọ̀tù ni wọ́n á béèrè nígbà àbọ̀. Níbi tí I-10 ti pàdé US 54, ìkòríta rẹ̀ lọ́ mọ́ra débi pé spaghetti làwọn ará ìlú ń pè é. Fort Bliss ń bẹ ní àríwá ibẹ̀. Ẹ́síìtì 19 ni àárín ìlú. Ẹni tó ń lọ síwájú á máa rí nọ́ńbà tó ń dínkù títí dé Anthony, New Mexico sì bẹ̀rẹ̀.

Fún ẹni tó ń padà sí ìlà oòrùn

Ohun kan wà lápá yìí tí ẹni tó ń lọ kì í bá pàdé. Ní ìwọ̀n máìlì díẹ̀ kí ẹ tó dé Sierra Blanca, gbogbo ọkọ̀ tó ń lọ sí ìlà oòrùn gbọ́dọ̀ yà sí ibi àyẹ̀wò àwọn ẹ̀ṣọ́ ibodè. Wọ́n á bi yín bóyá ọmọ Amẹ́ríkà ni yín. Ẹ fún wọn ní ìdáhùn ṣókí, ẹ mú ìwé jáde tí wọ́n bá béèrè, ajá wọn á máa gbóòórùn ọkọ̀ káàkiri. Igbó tí wọ́n ń tà ní ṣọ́ọ̀bù ní California, Arizona àti New Mexico kò bófin mu ní Texas, ibí yìí ni wọ́n sì ti mú ọ̀pọ̀ ènìyàn, títí kan àwọn olórin olókìkí. Kí ẹ bi gbogbo ẹni tó wà nínú ọkọ̀ kí ẹ tó kúrò níbi tí ẹ ti ń bọ̀, pàápàá ẹni tí ẹ fi ojú àánú gbé.

Wákàtí kan tí ẹ jèrè nígbà ìlọ, ẹ ó dá a padà kí ẹ tó dé Van Horn. Tí ẹ bá sì ti ṣàdéhùn pẹ̀lú hòtẹ́ẹ̀lì ní Junction, ẹ fi aago tiwọn ṣírò rẹ̀.